Kúnmi Tó Ń Pọnmi fún Seth

Kúnmi Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí Wúrà ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ilé yín ní Dagenham. Ṣé ara le? Ẹni tó dá orúnkún rẹ á máa bá ọ pa á mọ́, nítorí mo ti fojú ara mi rí ohun tí o ń fi í ṣe. Mo délé láyọ̀. Atẹ́gùn ti ṣí páànù kan lórí yàrá mi, ewúrẹ́ ti bímọ, gbogbo ìjọ ló sì ń bi mí pé ipò wo lo gbà níbi eré kẹ̀kẹ́. Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyẹn, inú sì ń bí mi.

Lọ́jọ́ eré yẹn, láti àárọ̀ la ti dúró létí títì ní Parsloes, èmi pẹ̀lú kúlà mọ́ínmọ́ín mi, Wúrà, àti Bàbá Akínrẹ̀mí ti ṣọ́ọ̀ṣì yín, tó wọ sùtánà funfun láìwọ bàtà nínú òtútù kí àdúrà lè bá ọ lójú ọ̀nà. A dúró títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Alùpùpù ọlọ́pàá kọjá, mo gbọ́ ṣìì, ẹ ti lọ. Ohun tí mo torí ẹ̀ wọ bàálù nìyẹn. Mo rí ọ, ìwọ lo wà níwájú, mo na mọ́ínmọ́ín sí ọ, mo pe oríkì rẹ, o ò wẹ̀yìn, o ò kí mi. Nígbà tí a padà sílé yín ní òpópó Alibon, tí Wúrà tan tẹlifíṣọ̀n, ìṣojú mi ni o ṣe gba àpò oúnjẹ lọ́wọ́ òyìnbó kan tó dúró létí títì bíi tèmi. Ó jọ pé ọwọ́ ìyá rẹ ni kò mọ́.

Bí mo ṣe rí i pé ìwọ lo ṣì wà níwájú, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Wúrà ní kí n dìde, pé afẹ́fẹ́ lo ń bá Seth tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan dí, pé òun ni olórí yín, ẹ̀yìn rẹ ló ń sá sí. Láìpẹ́ o fà sẹ́yìn lọ bá mọ́tò ẹgbẹ́ yín, o ki ìgò omi sínú aṣọ títí ẹ̀yìn rẹ fi wú, o gbé e lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Seth ló kọ́kọ́ mu. Ẹnìkan tún ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú etí, wọ́n ní ọ̀gá yín ni, inú mọ́tò yẹn ló jókòó sí. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní mọ́tò, kí ló dé tí wọn ò gbé Seth sínú ẹ̀?

Kúnmi, mo mọ omi pípọn. Kékeré ni wọ́n mú mi lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ n'Ìbàdàn. Mo pọnmi fún àwọn ọmọ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n wẹ̀, wọ́n lọ sílé ìwé, èmi gbálẹ̀. Mo ní ọmọ tí mo bá bí kò ní pọnmi fún ọmọ ẹnìkankan. Wúrà ní iṣẹ́ gidi ni, pé ó lórúkọ lédè Faransé. Mo ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀rín ló ń rín, èmi ò rín.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ parí, táyà Seth jò. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run má bínú. Mo ní ó yá, Kúnmi, máa lọ. Ìwọ sọ̀kalẹ̀, o tú táyà iwájú tìrẹ, o fi sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, o sì tún tì í lẹ́yìn kó lè sáré. O wá dúró pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Seth gba ipò kìíní. Nígbà tí o dé, o dì mọ́ ọn, ò ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ dáadáa, inú rẹ dùn lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wòlíì ìjọ wa níbí pè mí síwájú kí n jẹ́rìí, nítorí gbogbo wọn ló gbààwẹ̀ fún ọ. Mi ò lè purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Mo ní táyà Kúnmi ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n bú sáyọ̀, wọ́n ń jó. Mo bá wọn jó, omi ń dà lójú mi, wọ́n rò pé ayọ̀ ni.

Ǹ bá ní mi ò fẹ́ owó omi pípọn, ṣùgbọ́n orí ibùsùn mi ni òjò ń rọ̀ sí. Fi owó páànù ránṣẹ́, kí o fi ti ìdúpẹ́ kún un, wòlíì ti dá ọjọ́.

O ò ní sìnrú dọjọ́ ogbó. Wàá rí ẹni pọnmi fún ìwọ náà. Táyà rẹ ò sì ní ṣáájú rẹ wọlé mọ́ láé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abímbọ́lá