Tíṣà Tó Fi Àáró Ya Sinimá: Olóògbé Ràsáàkì Àjàgbé Ìyápọ̀ (1938–1986)

Ògbòòrò ni a ti bí Olóògbé Ràsáàkì Àjàgbé Ìyápọ̀ ní ọdún 1938, nígbà tí iṣu tuntun ń wọlé. Ládòkun Ìyápọ̀, àgbẹ̀ paraku, ni baba wọn. Àdìjátù ni ìyá wọn. Ìyá wọn a máa sọ pé ọmọ oṣù mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí wọ́n rìn, láti ọjọ́ náà ni wọn kò sì ti jókòó mọ́.

Wọ́n kàwé ní Ṣakí, wọ́n kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sì di tíṣà ní 1958. Ní 1962, wọ́n fẹ́ Àsíátù, ọmọ Ìgànná. Láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún, ilé ìwé mẹ́jọ ni wọ́n ti kọ́ni, láti Òfíkì títí dé Ìgànná. Ìyàwó wọn kì í tíì to ilé ìdáná tán tí Tíṣà yóò fi ní ká dirù. Wọn kì í pa ìrun jẹ, ṣùgbọ́n àwọn náà ló máa ń kọ́kọ́ wá bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Ní 1975, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ìwé mọ orúkọ odò ìlú òyìnbó, wọn kò mọ bí baba wọn ṣe ń kọ ebè. Ní 1977, wọ́n gbé kámẹ́rà wá sí Ògbòòrò láti ya iṣẹ́ iṣu, láti oko ṣíṣán títí dé iṣu wíwà. Àáró ni wọ́n fi bẹ àwọn àgbẹ̀: ẹni tó bá fi ọjọ́ kan dúró níwájú kámẹ́rà, Tíṣà yóò fi ọjọ́ kan kọ ebè lóko rẹ̀. Àwàdà ni gbogbo ènìyàn pè é, àfi ìgbà tí wọ́n rí Tíṣà pẹ̀lú ọkọ́. Ebè wọn kì í gún. Ẹbí kò ní torí ikú purọ́.

Ọdún mẹ́ta ló yẹ kí sinimá náà gbà, ó gba mẹ́sàn-án. Bí òjò bá tètè rọ̀, Tíṣà a ní àfi kí àwọn tún un yà. Mẹ́rin nínú àwọn àgbẹ̀ náà kú láì rí ara wọn lórí aṣọ funfun tí a fi ń wo sinimá. Ó dun ẹbí, ẹbí sì bá wọn jà lórí rẹ̀. "Ó kù díẹ̀" ni Tíṣà máa ń dáhùn. Òun náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, 1986, nígbà tí àìsàn àyà mú wọn lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, Festus, akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tí wọ́n jọ ń to fíìmù, gbé èyí tó kẹ́yìn sórí ẹ̀rọ. Àṣé lóko Bàbá Àríyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Tíṣà ń san àáró, ìyàwó wọn ti gbé kámẹ́rà, ó sì ń yà wọ́n. Tíṣà rí i, wọ́n ju ọwọ́ pé kó má fi fíìmù ṣòfò. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ebè. Ebè náà wó. Wọn kò dìde.

Ibẹ̀ ni ẹbí fi parí sinimá náà. Nírọ̀lẹ́ òní, lẹ́yìn fìdáù, a ó fi hàn ní pápá ilé ìwé Ògbòòrò. Àwọn àgbẹ̀ àáró tó kù ni yóò jókòó níwájú.

Olóògbé fi ìyàwó wọn, Àsíátù, sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Jímọ̀, Fàtímọ̀ àti Adékúnlé, àti ọmọ-ọmọ kan, Àdìjátù, tó pé oṣù mẹ́jọ, tó sì ti ń rìn.

Kí Ọlọ́run fi Alujánnà kẹ́ yín. Ẹ sùn re o, Tíṣà. Ẹ jókòó. Kò ku nǹkan kan mọ́.