Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ẹṣin Náà, Ta Ló Ni Ín?

Cyril, bàbá Maureen, ọdún méje rèé tí o lọ. Ọdún méje! Mo ṣì máa ń po tíì tìrẹ kí n tó rántí.

Maureen ti lọ́kọ. Ó ti bí Tracey, ọmọ tó ní imú rẹ gẹ́lẹ́, tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Clive, ọkọ Maureen, ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù bàtà wa báyìí. Ó kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Mo bínú títí, ó sú mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sinimá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Sinimá apanilẹ́rìn-ín tí olè méjì ti jí wúrà, tí wọ́n kó sínú aṣọ kan tí wọ́n rán bí ẹṣin, ọ̀kan ṣe ẹsẹ̀ iwájú, ọ̀kan ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí wọ́n sì gba orí ìtàgé sá lọ. Ìwọ àti Reg Pilbeam ni wọ́n pè wá wọ aṣọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya eré yẹn. O ní ìwọ lo ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín. Reg ń pariwo nílé ọtí pé, "Irọ́ ni Cyril ń pa jàre! Èmi ni!" Aṣọ bò yín látòkè délẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí? O kú tí wọ́n ṣì ń pè ọ́ ní onírọ́. Ó dùn mí, Cyril. Ó dùn mí wọra.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé sinimá àdúgbò wa tún gbé e jáde. A débi tí àwọn olórin inú eré náà ti bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn Ọbabìnrin, orin orílẹ̀-èdè wa. Ẹsẹ̀ iwájú ń sá lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró gbagidi! Ó pa gìgísẹ̀ pọ̀ bíi sójà, aṣọ ń fà ya, wúrà ń já bọ́.

Tracey ní, "Màmá àgbà, kí ló dé tí ẹ̀yìn ẹṣin ò sá?"

Họ́wù! Mo ti wo eré yìí láìmọye ìgbà, mi ò béèrè rí!

Ìwọ tí o máa ń dìde tí rédíò bá kọ orin yẹn, tí ọbẹ̀ rẹ á tutù sórí tábìlì!

Nígbà tí eré parí, wọ́n kọ orin kan náà fún àwa òǹwòran, bí ìṣe ilé sinimá. Reg ti dé ẹnu ọ̀nà, kò dúró fún orin, bó ṣe máa ń ṣe. Mo kígbe, "Reg! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn! Ṣebí dídúró ló yẹ kó o dúró!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Reg yíjú padà, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, "Cyril ni, Hilda. Cyril ni."

Ṣé o gbàgbé pé eré lẹ ń ṣe ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ ló kọ̀? Mo fẹ́ mọ̀ o! Dárí jì mí, ọkọ mi, èmi gan-an ò gbà ọ́ gbọ́ tán.

A ń ṣàárò rẹ. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Nígbà tí orin náà parí, tí gbogbo èèyàn ti lọ, èmi àti Tracey ṣì wà lórí ìdúró.