Ariwo Tí Mo Fi Pamọ́ fún Màmá Berthelin

                                        Ilé Màmá Berthelin,
                                        Decize, ilẹ̀ Faransé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin, 1948.

Ẹ̀gbọ́n mi Hedwig,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Augsburg? Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ti ń rí mílíìkì mu? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ẹ mọ̀ pé torí ẹ́ńjìnnì bàálù ogun, irú èyí tí kò ní abẹ̀bẹ̀ níwájú, ni àwọn Faransé ṣe kó àwa ará Jámánì wá síbí. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá la kọ́kọ́ tan án. Àwọn ọ̀gá ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ sọ ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀, Màmá Berthelin, opó tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, rí ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́rùn mi.

"Ruprecht, ọmọ ta lo ń lọ tọrọ?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Kò sí o, Màmá. Iṣẹ́ náà ni."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ́ńjìnnì náà bú ramúramù, ilẹ̀ ń mì! A dì mọ́ ara wa, à ń fò sókè bí ọmọdé. Nígbà tí mo délé, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Aládùúgbò kan ló sọ fún mi pé Màmá rò pé bàálù Jámánì, irú èyí tó ju bọ́ǹbù pa ọkọ wọn, ló tún dé. Bí Màmá ṣe ń sáré lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn, itan wọn kán. Ọ̀rọ̀ kan péré látẹnu mi ì bá ti gbà wọ́n.

Ní ọsibítù, mi ò lè wojú wọn. Mo jẹ́wọ́ pé mo mọ̀.

"Torí ẹ̀ lo ṣe wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọ́n ní, "Ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́, Màmá."

"Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ tan án, sọ fáwọn ará àdúgbò. Èmi ò lè sáré mọ́."

Lọ́la la ó tún tan án. Ìkìlọ̀ àwọn ọ̀gá ṣì wà, wọ́n sì lè lé mi. Síbẹ̀, nírọ̀lẹ́ yìí, mo lọ láti ilé dé ilé, mò ń kan ilẹ̀kùn, mo ń sọ fáwọn èèyàn pé ọ̀la ni. Nílé tó kẹ́yìn, bàbá arúgbó kan gbọ́ mi tán, ó wò mí títí.

Ó ní, "Ẹ̀yin Jámánì ti wá ń sọ tẹ́lẹ̀ báyìí kẹ́ ẹ tó dé?"

Mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì padà sílé wá kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ bá mi kí Bàbá àtàwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ eléyìí.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
Ruprecht