Arúgbó Inú Gémù Ni Mo Rí Lójú Àlá, Kì í Ṣe Màmá Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìfojúsọ́nà ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀yin bàbá kékeré mi méjèèjì tí ẹ máa ń jókòó síwájú ilé wa ní Ìgbògbò láràárọ̀. Mo kí Kúnlé àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ayálégbé wa, ẹni tó san owó ilé àtẹni tí kò tíì san. Ara mi le, mò ń jẹun, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí lẹ́tà ọmọ sí ìyá rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìròyìn. Ìyá mi, ìta gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ Màmá Ẹ̀pẹ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté. Bí mo bá wá ń sọ òtítọ́ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú fóònù, ta ni yóò gbọ́? Ìyẹn ni mo ṣe fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn tí àwọn bàbá kékeré mi máa ń kà. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá, kó mọ̀ pé Màmá Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ìyá kan náà ló bí wọn. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni wọ́n ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wa. Ní báyìí, wọ́n ti lé wọn padà sí Ẹ̀pẹ́, nítorí pé èmi tí mo wà nílùú òyìnbó lálàá.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn, mò ń bá wọn wọ ìbọ̀sẹ̀. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí. Ọmọ náà kì í wá, nítorí náà mo máa ń dáhùn. Òtútù ibí kò ṣe é fẹnu sọ. Oòrùn á yọ bí ẹni tí wọ́n fipá jí, kò sì ní pẹ́ tó fi máa wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí mo bá dé yàrá mi, kò sí ẹni tó máa kí mi kú iṣẹ́. Owó tó bá kù lẹ́yìn èyí tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé kò tó fi ṣe fàájì kankan. Ará Gánà kan tí a jọ ń gbé wá kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì fi ẹ̀rọ gémù rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Òun ni mo fi ń pa àárò ilé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọkùnrin onírùngbọ̀n bíi tèmi ló ń ta gémù. Ènìyàn mẹ́rin ni èmi ń darí nínú rẹ̀: ọ̀kan ní idà, ọ̀kan ní ọfà, ọ̀kan mọ ọfọ̀, ẹ̀kẹrin jẹ́ obìnrin tó ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Bí wọ́n bá pàdé ọ̀tá lójú ọ̀nà, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ayò ni wọ́n ṣe ń jà á. Bí ọ̀tá bá ta tirẹ̀, èmi náà á ta tèmi. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Mo gbádùn rẹ̀ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ arúgbó kan tó ń gbé orí òkè.

Irun orí rẹ̀ funfun báláú, ọ̀pá kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Arúgbó yìí kì í lu ènìyàn. Ó kàn máa ń na ọ̀pá ni. Bó bá nà án sí onídà mi, onídà á gan pa. Nígbà tó bá kàn án láti jà, ẹ̀rọ á fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Á tún nà án sí olùtọ́jú, olùtọ́jú á sùn lọ fọnfọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ olùtọ́jú yẹn náà ni oògùn tó ń tú ènìyàn sílẹ̀ wà! Á pa ẹnu ẹni tó mọ ọfọ̀ dé. Á wá so ọwọ́ ọlọ́fà. Gbogbo àwọn ènìyàn mi á dúró gbagidi, ara wọn le, ohun ìjà wà lọ́wọ́ wọn, èmi náà á sì máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni arúgbó á máa ha wọ́n léèékánná títí wọn yóò fi kú. Òrùka kan wà tó ń dènà oorun, ṣùgbọ́n kò lè dènà gígan. Èyí tó ń dènà gígan kò mọ nǹkan kan nípa ẹnu pípadé. Ìka kan, òrùka kan, òfin wọn nìyẹn.

Inú bí mi débi pé mo ju ike oníbọ́tìnnì ọwọ́ mi mọ́ ògiri, aládùúgbò sì gbá ògiri padà fún mi. Kí ọ̀tá lù mí, mo gbà. Kó lágbára jù mí lọ, mo gbà, n ó lọ wá agbára kún agbára. Ṣùgbọ́n kí idà wà lọ́wọ́ ènìyàn kí wọ́n má jẹ́ kó gbé e, irú ìjà wo nìyẹn? Ẹni tó ṣe gémù yẹn, bí mo bá rí i, n ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rí nílé.

Ìyá mi, ẹni tó bá ń bá arúgbó jà lójoojúmọ́, ṣé kò ní bá a pàdé lójú oorun? Ó wá lóòótọ́. Ó na ọ̀pá sí mi, mi ò lè gbọ́wọ́, mi ò lè pariwo. Ọjọ́ kejì, nígbà tí mo pè yín, ẹ ní ohùn mi rí bákan. Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́ fún yín: arúgbó onírun funfun, ọ̀pá lọ́wọ́, ó nà án sí mi, mi ò lè mira. Ẹ lọgun Jésù. Mo la ẹnu láti sọ fún yín pé inú gémù ni arúgbó náà ti wá, ni káàdì tí mo fi ń pè bá tán. Bẹ́ẹ̀ ni káàdì ibí ṣe máa ń já ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu. Ọjọ́ Àìkú ni, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á ti tì. Nígbà tí mo fi máa rí òmíràn rà, ẹ ti gbé àlá mi dé ilé àdúrà.

Wọ́n ní wòlíì bi yín pé ta ni arúgbó tó ń tẹ̀pá nílé yín. Ẹ ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dárúkọ Màmá Ẹ̀pẹ́. Mo pè, mo ṣàlàyé gémù náà fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ní kò síbi tí ọ̀tá ò lè gbà wọlé, pé gémù gan-an ni Màmá Ẹ̀pẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi, pé wọ́n ti dì mí lójú ni mo ṣe ń gbè wọ́n. Mo fọwọ́ lérán. Ọ̀rọ̀ wo ló kù tí mo lè sọ tí kò ní di ẹ̀rí mọ́ wọn lọ́rùn?

Kúnlé ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní nígbà tí ẹ pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀, Màmá Ẹ̀pẹ́ la ẹnu láti fèsì, bàbá kékeré kan sì ní kí wọ́n má jẹ́ kó parí rẹ̀, kó má baà ṣépè. Màmá sunkún, ẹnì kan ní ẹkún àjẹ́ ni. Wọ́n fa tẹ̀sùbáà wọn yọ, ẹlòmíràn ní orúkọ mi ni wọ́n ń kà sí i. Wọ́n wá dákẹ́, gbogbo ilé sì ní wọ́n ti jẹ́wọ́. Kúnlé ní wọ́n wo ojú gbogbo yín yíká, wọ́n dìde, wọ́n lọ di ẹrù wọn. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo yọ wáyà ẹ̀rọ gémù náà, mi ò sì tíì dá a padà. Èmi tí mò ń bínú pé arúgbó inú tẹlifísàn kò jẹ́ kó kàn mí! Nínú pálọ̀ wa, àwọn ẹni mi fo ìyá arúgbó kọjá ní gbogbo ìgbà tó kàn wọ́n láti sọ̀rọ̀. Mi ò mọ bí a ṣe ń pe ìyẹn ní àdúrà.

Ọ̀pá tí ẹ rí lọ́wọ́ wọn yẹn, ṣé ẹ ti gbàgbé bó ṣe débẹ̀? Ẹja yíyan ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá fún wa nígbà tí ẹ ń gbàtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Èbúté, ni wọ́n bá yọ̀ ṣubú, orúnkún wọn kò sì bọ̀ sípò mọ́. Síbẹ̀, orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín ni wọ́n sùn ní ọsibítù. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwẹ̀ odò ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ pa mí ì bá ti jẹ́ kí n mumi yó nígbà náà.

Kúnlé ti lọ wò wọ́n. Ó ní òjò ń jò wọ yàrá tí wọ́n wà nínú ilé ẹbí, wọ́n sì ń wúkọ́. Àwọn aráàdúgbò ti gbọ́, wọn ò ra ẹja lọ́wọ́ wọn mọ́. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kí wọn, orí ni wọ́n ń mì. Ẹ̀rù ń bà mí, ìyá mi. Bí wọ́n bá kú síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yẹn lọ́rùn, kò sí bí mo ṣe máa wọ ilé wa tí n ó jẹun. Ǹ bá wá fúnra mi, ṣùgbọ́n ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́.

Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà o. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rọ gémù náà àti àwo rẹ̀ ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń bọ̀ nílé. Kúnlé á fi arúgbó náà hàn yín, àwọn bàbá kékeré mi náà sì lè di ike oníbọ́tìnnì mú, kí wọ́n bá a jà díẹ̀, kí wọ́n rí bó ṣe ń ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de àwo. Ikọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ilé wa ò ní dàrú, ẹsẹ̀ mi á padà tẹ ilẹ̀ Ìgbògbò láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, kí ẹ má yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Ó ku ìkíni kan, ti Màmá Ẹ̀pẹ́ ni. Kúnlé ní kí n fi rán òun, mo kọ̀. Ẹ̀yin ni mo fi rán, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi pé ẹni tí a bá fi ìkíni rán gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Ẹ sọ fún wọn pé mo dọ̀bálẹ̀. Níwọ̀n bí mi ò ti sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kúnlẹ̀. Ìyàwó ilé wọn ni yín, orúnkún yín mọ ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ẹ má dìde títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbénga.