Ẹ Má Pariwo, Adìyẹ Ń Jẹun

Ọmọ mi, Dókítà Adìyẹ,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le níbi iṣẹ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ kò ní tòògbé. Àwa náà wà o, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń ráhùn díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí fóònù kò sí nílé mọ́. Má jẹ̀ẹ́ kẹ́rù bà ọ́, kò sọnù. Ìwọ lo sọ pé ariwo àti ìpayà máa ń fi kún ìyà tí ooru fi ń jẹ adìyẹ, bẹ́ẹ̀ fóònù yẹn kì í rọra pèèyàn, igbe ló máa ń ké. A ti gbé e lọ sílé télọ̀ kó máa gbé ibẹ̀. Tí o bá pè, kí télọ̀ dáadáa.

O ṣeun, o ṣeun, n kò lè wí i tán. Ṣé o rántí bí ooru ṣe run àwọn adìyẹ òyìnbó wa àkọ́kọ́, tí bàbá rẹ búra pé bí ìwọ̀nyí bá tún kú, òun á tú ilé adìyẹ náà palẹ̀, òun á fi dáná? Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pátá. Nígbà tí lúbúlúbú atalẹ̀ pupa àti áàyù tí o fi ránṣẹ́ dé, òun ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó ní òun kò lè fún ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí òun ò jẹ. Ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, mo bá gba ike lọ́wọ́ rẹ̀. O ní ooru ń mú kí inú adìyẹ dógùn-ún bí irin, pé tewé tegbò ló ń dá a dúró. Èyí kan ṣoṣo tó kú nínú ìwọ̀nyí, mo là á, mo yẹ ìwe rẹ̀ wò títí, n kò rí ìdógùn-ún kankan. Oògùn rẹ ti fọ̀ ọ́ mọ́, ọjọ́ tirẹ̀ ló kàn pé.

Àwọn yòókù ń jẹ, wọ́n ń sanra, nínú ooru tó ń mú òrùlé dún! Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. O mọ̀ pé ojú fèrèsé wa ni ilé adìyẹ wà, o sì mọ̀ pé látìgbà tí àwọn ti àkọ́kọ́ ti kú, “Ìwọ lo pa wọ́n, èmi kọ́” lorin tí èmi àti bàbá rẹ ń kọ síra wa. Ní báyìí, tínú bá bí i, á wò mí, á wo fèrèsé, á wá máa bínú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ta ló lè fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jà? Ká tó mọ̀, ẹ̀rín ti gbà á mọ́ wa lẹ́nu. Lánàá ló rọra sọ fún mi pé òun lòun gbàgbé láti bu omi fún àwọn ti àkọ́kọ́. Mo ní kò burú, kó ṣáà má jẹ̀ẹ́ káwọn tibí gbọ́.

Ẹni tó fẹ́ rà wọ́n ti wá wò wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò kó wọn, ó dìgbà tóṣù bá parí kó tó sanwó. Inú mi dùn, àyà mi sì já. Tí ilé adìyẹ bá ṣófo, nítorí ta la ó máa rọra sọ̀rọ̀? Jọ̀ọ́ ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ọmọ adìyẹ mìíràn kí ìwọ̀nyí tó lọ. Fi ike lúbúlúbú méjì kún un, torí bàbá rẹ ń jẹ nínú rẹ̀.

Bí o ṣe jẹ́ kílé wa tòrò, ilé tìrẹ náà á tòrò. Wọn ò ní fi igbe pè ọ́ láyé. Bàbá rẹ ń ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.