Ìwé Ìjàpá Òkun Tí Bádé Ń Ṣe

Duport Road, Monrovia.

Màmá wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárò wa. Ẹ bá wa kí Bàbá. Orúnkún yín ńkọ́? Àánú ọmọ wa ti wọ ilé ìwé girama.

Màmá, ojú Bádé ọmọ yín ti ń fọ́. Dókítà ní kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá ìríran rẹ̀ padà. Ó ṣì ń gbẹ́ àwòrán ìjàpá òkun sára pákó, ó sì ń fi íǹkì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé tó ń fọwọ́ rán. Lánàá, ìka ara rẹ̀ ló gé. Mo ní kó sinmi.

Ó ní, "Ọláwùnmí, àwọn apẹja ò rí wọn ní etíkun mọ́. Tí n ò bá gbẹ́ wọn báyìí, Àánú ò ní mọ bí wọ́n ṣe rí."



Ọlọ́run á dá yín sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè wá, kó lè rí ojú yín.

Ìyàwó yín,
Ọláwùnmí