Ọmọ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìdákọ̀ró

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Báwo ni orúnkún yín? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá yín níbi tí ẹ ti ń rìn dáadáa láìfọwọ́ ti ògiri. Ní tiwa, ara le, maṣíìnì méjèèjì ń ṣiṣẹ́, ẹ má fòyà.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Nígbà tí ẹ ní kí n jẹ́ kí ọmọ yín dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń pàdé ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé ìkàwé, mo fèsì pé ẹgbẹ́ kì í báni tọ́mọ. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Tiyín kò tilẹ̀ dúró dalẹ́, ọ̀sán gangan ló ṣẹ, ojú mi ló sì ṣe.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ yín sanra láti kékeré. Ẹ tún mọ̀ pé ó ti tó ọdún méjì tí kò jẹ́ kí n fi téèpù kan òun mọ́. Èmi tí mo ń ránṣọ fún ìdajì àdúgbò, ojú lásán ni mo fi ń wọn ọmọ bíbí inú mi! Mo ń rán aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ fún un, mo ní mò ń bò ó láṣìírí ni. Òun náà á tẹ èjìká ba, á máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn. Nígbà tí sáà tó kọjá parí, ó ní òun ò ní padà sí iléèwé mọ́, torí òun ò lè wọ ṣòkòtò eré ìdárayá lójú ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà fún yín nígbẹ̀yìn, tìkanra-tìkanra.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn ní ìdíje okùn fífà, kí n wá wọn àwọn ọmọ fún aṣọ ẹgbẹ́. Mo lọ lọ́sàn-án Sátidé. Bí mo ṣe ń wọlé ni mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pariwo pé, "Ìdákọ̀ró! Ìdákọ̀ró! Má yẹsẹ̀ o!" Mo wo ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín ni! Òun ló wà ní ìparí okùn, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó fẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó. Àwọn tó wà ní òdìkejì fà títí, wọ́n làágùn, okùn ò sún. Ìbàdí tí mo ti ń fi aṣọ bò láti ọjọ́ yìí, òun ni gbogbo ẹgbẹ́ gbára lé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu mi là sílẹ̀, n kò lè pa á dé.

Nígbà tí wọ́n sinmi, mo yọ téèpù. Ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ síwájú ni ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Òpẹ́lẹ́ńgẹ́, irú ọmọ tí mo máa ń tọ́ka sí fún ọmọ yín pé, "Wo ẹgbẹ́ rẹ." Téèpù dé ìbàdí rẹ̀, mo rí i pé ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Àṣé yẹ̀rì mẹ́ta ló wọ̀ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì! Ó ní kí òun lè ní ìdí díẹ̀ ni. Pé márùn-ún ni òun ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ ló jẹ́ kí òun bọ́ méjì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun gan-an ló sì rẹ́rìn-ín jù.

Ó kan ẹnì kejì. Ẹ mọ ìṣe mi: bí mo bá ti ń wọn èèyàn ni mo ń pè é sókè, kí n má baà gbàgbé kí n tó kọ ọ́. Mo ké e jáde: "Ìdí, mẹ́rìnlélógójì!" Nọ́ọ̀sì rọra sọ fún mi pé lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó ni ara ló ń kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹnìkan kì í pè é fún un. Ojú tì mí, inú sì tún bí mi díẹ̀. Ogún ọdún nídìí iṣẹ́, kí wọ́n wá máa kọ́ mi ní téèpù!

Ìgbà náà ni ọmọ yín dìde. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó ní, "Màmá, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pe tèmi jáde ní ṣọ́ọ̀bù? Oníbàárà yín ní ìdí yìí á jẹ odindi ìgàn aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ ò dùn mí, Màmá. Tiyín ló dùn mí."

N kò rántí ọjọ́ náà rárá. Ọdún méjì lọmọ fi gbé e sínú, èmi ò sì mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Mo ti fẹ́ sọ pé àwàdà ni. Níbo lọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti rí irú ẹnu bẹ́ẹ̀, tí kò rí àgbà fín, tí kò sì fi òtítọ́ pamọ́? Èmi ìyá rẹ̀ ò ní in. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kì í yá mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn: "Ọmọ mi, má bínú, mo ṣẹ̀ ọ́." Ó kàn mi orí pé òun gbọ́, ó padà sídìí okùn.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, mi ò lójú láti bi í bóyá á padà síléèwé. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni iléèwé máa wọlé. Lánàá, ó ṣàdédé wọ ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà méjì sì wà lórí ìjókòó. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wọ̀n mí fún ṣòkòtò eré ìdárayá. Kí ẹ wá bá mi rán ẹ̀wù sí i." Ó nà tán, ó la apá méjèèjì. Mo wọn ìbàdí, mo wọn ẹsẹ̀, n kò pe nọ́ńbà kankan jáde. Nígbà tó kan èjìká, ọwọ́ mi ò tó o dáadáa. Mo ní láti gun àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ti ga jù mí lọ! Inú ilé kan náà la jọ ń gbé o. Ìbú rẹ̀ ni mò ń wò láti ọdún méjì, n kò mọ̀ pé ó ń ga. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbójú sókè kí n tó rí ojú ọmọ mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu tí ẹ fi gbà mí nímọ̀ràn kò ní fi ìbànújẹ́ ròyìn. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹsẹ̀ yín á sì gbé yín wá wò wá láìpẹ́.

Èmi ni àbúrò yín olórí kunkun,
Télọ̀.

Àfikún: Nọ́ọ̀sì ní kí n máa wá kọ́ wọn ní aṣọ rírán ní Sátidé. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìde, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ibì kan lára rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yẹ ara mi wò. Mo ka ọwọ́, mo ka ojú. Nígbà tí mo dé ikùn, mo ní ká fo ìyẹn, ó ti dẹ̀ jù. Ọmọ yín gbórí sókè nínú ìwé tó ń kà, ó ní, "Màmá, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé o."